Òjìji Ewé Máńgòrò

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa nu ìdọ̀tí ojú Màmá kúrò." Ohùn obìnrin kan ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo béèrè irú ìdọ̀tí wo. Ó ní ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó gùn bí ìka, ó sì tún kan ara léèsì díẹ̀. Kí n tó run orín tán, àwòrán ti wọlé sórí Wáàsáàpù mi. Mo wò ó. Òjìji ewé ni.

Wọ́n ti já àwòrán kan ṣoṣo nínú fídíò tí mo ṣe fún wọn, wọ́n fẹ́ fi ṣe bánà ẹnu ọ̀nà. Nínú fídíò, ewé ń mì, òjìji rẹ̀ ń kọjá lójú ìyá náà wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó pè é ní ìdọ̀tí. Wọ́n dá a dúró, ó di ìdọ̀tí. Ó ti lé ní ọdún 10 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí n'Íbàdàn, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìrìn ni ojú fi ń dá òjìji mọ̀. Ohun dúdú tó bá dúró sójú kan lára fọ́tò, àbàwọ́n ni títí nǹkan yóò fi sún un. "Ẹ má bínú, Ma," mo ní, "mà á fi èyí tí kò sí lára rẹ̀ ránṣẹ́." N kò ṣàlàyé. Ta ni yóò máa ṣàlàyé òjìji fún ẹni tí òkú ṣì wà nílé rẹ̀?

Iṣẹ́ náà nìyí. Ẹbí tó fẹ́ ṣe ìsìnkú tàbí ọjọ́ ìbí àgbà á kó fọ́tò wá, tàtijọ́ tìsinsìnyí, èmi á sì gbé wọn kọ́ sára ògiri kan tí kò sí níbi kankan àfi inú kọ̀ǹpútà mi. Kámẹ́rà á máa rìn lọ níwájú wọn díẹ̀díẹ̀, orin á máa dún lábẹ́lẹ̀, a ó sì gbé e sójú ẹ̀rọ ńlá níbi ayẹyẹ. Ẹbí kan lọ, òmíràn dé. Ògiri ò yí padà, fírémù ò yí padà, òjìji ewé tó ń gba ara wọn kọjá ò yí padà. Àwọn tó wà nínú fírémù nìkan ló ń pààrọ̀.

Ògiri náà ní ibi tí mo ti rí i. Pálọ̀ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Bàbá mi fi fọ́tò yí i ká lókè, ó kù díẹ̀ kí wọ́n kan àjà, gbogbo wọn ló sì tẹrí sílẹ̀ díẹ̀ bí àgbà tó ń wo ọmọdé lórí ẹní. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn á gba ojú fèrèsé wọlé, igi máńgòrò tó wà níta á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àwọn fírémù náà bí ìgbálẹ̀. Á kọ́kọ́ kan bàbá àgbà nínú agbádá, á kan ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wọ aṣọ ṣọ́jà, lẹ́yìn náà á kan Màmá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Mo máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, mo máa ń ka ẹni tó kàn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ògiri yìí sínú ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Blender, gbogbo rẹ̀ lódindi ni mo ń rẹ́ńdà pọ̀, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà ṣírò wọn di àwòrán: ògiri, fírémù, fọ́tò, oòrùn, ewé. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwòrán 25 ni fídíò mi ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 20 lásán ti di àwòrán 500. Bí kọ̀ǹpútà mi bá lo ìṣẹ́jú 3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 25 nìyẹn, tọ̀sán tòru, bí wọn kò bá mú iná lọ. Wọ́n á sì mú un lọ. Lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ bá ti mu epo yó, tí iṣẹ́ ti jinná, àbúrò olóògbé á wá pè láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé fọ́tò kẹrin yẹn kọ́ o, èyí tí Bàbá yà lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ oyè ni kí n lò. Fọ́tò kan péré. Wákàtí 25 mìíràn.

Ìyà ló kọ́ mi láti pín iṣẹ́ náà sí awẹ́ bí obì. Mo yọ gbogbo fọ́tò kúrò nínú fírémù, mo fi pákó funfun dípò wọn, mo rẹ́ńdà ògiri bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́ńdà òjìji lọ́tọ̀. Mo rẹ́ńdà dídán ojú gíláàsì lọ́tọ̀. Epo jó lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní kí n pààrọ̀ fọ́tò, ètò After Effects ni mo máa ṣí, mo máa ki tuntun bọ ààyè rẹ̀, mo máa da òjìji bò ó; omi tí mo gbé kaná kò ní tíì hó.

Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ní 1984 ni Thomas Porter àti Tom Duff, tí wọ́n wà ní Lucasfilm, gbé ìṣirò bí a ṣe ń to àwòrán lé ara wọn jáde, òun náà ni gbogbo wa ṣì ń lò. Nígbà tí fíìmù Who Framed Roger Rabbit sì jáde ní 1988, ọwọ́ ni wọ́n fi ya ehoro inú rẹ̀, wọ́n ṣe òjìji rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ sórí àwòrán àwọn ènìyàn ẹlẹ́ran ara. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti forí gbá fìtílà tó so rọ̀, tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Òjìji ń bá a fì. Bí fìtílà yẹn bá dúró jẹ́ẹ́, ta ni ìbá bi wọ́n? Ńṣe ni wọ́n fọwọ́ ara wọn fa wàhálà, kí ehoro tí kò sí níbẹ̀ lè wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀.

Yíyọ òjìji kúrò lára ohun tó bò kò le. Mo máa ń rẹ́ńdà pákó funfun náà lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan tí igi wà níta fèrèsé, ẹ̀ẹ̀kan tí mo ti yọ igi kúrò. Mo wá fi èkejì pín èkíní. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti jẹ́ 0.8 kí igi tó dé, tó wá di 0.4 nígbà tí igi dé, ìdáhùn rẹ̀ ni 0.5. Ibi tí ewé ò dé, 0.8 ni a ó fi pín 0.8, ìdáhùn ni 1. Pákó ti bọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀, ohun tó ṣẹ́kù kò ju iye tí ewé mú lọ nínú ìmọ́lẹ̀. Òjìji tí kò sí lára ẹnikẹ́ni mọ́ nìyẹn, ó ń dúró de ẹni tí yóò gbé e wọ̀.

Gbígbé e wọ ẹlòmíràn ni mo ti kọ́kọ́ tẹ́. Mo da àwòrán òjìji náà bo fọ́tò, mo sì sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìdajì. Háà! Fọ́tò náà dà bí Ìbàdàn nígbà ọyẹ́: dúdú ò dúdú mọ́, funfun ò funfun mọ́, eruku bo gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ ni mo fi kún un, òjìji kì í sì í fi nǹkan kún nǹkan; dídín ló ń dín in kù. Ìlànà tí a ń pè ní Multiply ló mọ̀ ọ́n ṣe: kí a sọ òǹkà fọ́tò di ìlọ́po òǹkà òjìji, láti tótó (píksẹ́lì) kan dé òmíràn. Ibi tí òjìji ti jẹ́ 1, fọ́tò wà bó ṣe wà. Ibi tó ti jẹ́ 0.5, ìdajì ló kù.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ mú ìyá kan tó wọ léèsì funfun. Léèsì jẹ́ 0.9, ewé kọjá, ó di 0.45, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á rí i. Ẹ wá mú ọkọ rẹ̀ nínú kóòtù dúdú, 0.04. Ewé kan náà kọjá, ó di 0.02. Ojú ò lè mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Oòrùn kan náà ni, ògiri kan náà ni, síbẹ̀ ńṣe ló dà bí ẹni pé òjìji mọ ìyá, kò mọ bàbá. Oníbàárà kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé owó tí àwọn ọmọ ìyàwó àgbà san ni kò tó ni, tí ewé fi ń yẹra fún Bàbá. Nísinsìnyí, mo máa ń gbé dúdú kóòtù sókè díẹ̀ kí òjìji tó dé ibẹ̀, kí ó lè rí nǹkan mú.

Àṣìṣe mìíràn wà tí n kì í fẹ́ sọ. Mo ń tọ́jú òjìji pẹ̀lú òǹkà ìmọ́lẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ fọ́tò wà nínú òǹkà tí ojú kọ̀ǹpútà ń lò. Èdè wọn ò dọ́gba. Lójú kọ̀ǹpútà, 128 tó wà láàárín 0 àti 255 kì í ṣe ìdajì ìmọ́lẹ̀. Kò ju nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 lọ. Ìdajì gan-an wà lọ́wọ́ 188. Ewé tó yẹ kó mú ìdajì wá ń mú bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Odidi ọdún kan ni mo fi ta òjìji tó dúdú bí ìdí ìkòkò fún àwọn ẹlẹ́bí. Mo rò pé bí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe le tó nìyẹn.

Etí òjìji náà ò rọrùn. Oòrùn kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́. Láti ibi tí a dúró sí, ó fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì dìgírì lójú ọ̀run. Nítorí náà, bí ewé bá fi mítà 1 jìnnà sí ògiri, etí òjìji rẹ̀ á ti ṣú fẹ̀ tó bíi mìlímítà 9. Igi wa jìnnà tó mítà 5, etí yẹn á sì fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, bẹ́ẹ̀ ewé máńgòrò fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbú. Ìyẹn ló fà á tí ohun tí mò ń rí lórí ẹní kì í fi í dà bí ewé. Ó dà bí ọwọ́ tó ń juwọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ewé tí mo kọ́kọ́ ṣe mú ṣáṣá bí ẹni fi abẹ gé wọn, wọ́n dà bí ìwé tí ọmọdé lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ewé kọjá náà ní ìrísí tirẹ̀, róbótó-róbótó ni, nítorí àwòrán oòrùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹ̀rẹ̀nà 2006, nígbà tí òṣùpá wọ iwájú oòrùn, àwọn èèyàn ń wo òkè, èmi ń wo ilẹ̀ abẹ́ igi: gbogbo róbótó yẹn ti di oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ lórí iyẹ̀pẹ̀.

Nípa gíláàsì, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Òjìji ló ń bo fọ́tò, dídán gíláàsì ló ń gun òjìji. Bí a bá yí i sódì, gíláàsì á kú, fírémù á dà bí èyí tó ti fọ́. Mo kọ "ojúoró ní í lékè omi" sára lẹ́yà dídán náà kí ọmọ iṣẹ́ mi má baà sún un sísàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sún un mọ́.

Òun náà ló da òjìji bo tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ kan. Ẹbí kan ní fídíò ibi tí bàbá wọn ti ń gbàdúrà, wọ́n ní kí a jẹ́ kó máa lọ nínú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan lábẹ́ àwọn fírémù. Ó fi òjìji bò ó bó ṣe ń bo fọ́tò, tẹlifíṣọ̀n sì di páálí. Ó ń yọ ojú mi lẹ́nu, n kò mọ ohun tó fà á. Mo dé ilé, mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo na ọwọ́ sí iwájú gílóòbù. Òjìji ọwọ́ mi bọ́ sára ògiri, ó bọ́ sára àga, ó dé ojú tẹlifíṣọ̀n, ó pòórá. Ohun tó ń tanná fúnra rẹ̀ kì í gba òjìji ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tí òjìji lè mú kúrò lára rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí iná ìta dà sójú gíláàsì rẹ̀. A yọ òjìji kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, bàbá náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni àwọn ayàwòrán wa ti ń pààrọ̀ èèyàn. Stephen Sprague, tó ṣèwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1978, sọ nípa fọ́tò ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn ti kú: wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Mo máa ń jowú wọn. Kò sí pé à ń wá òjìji kiri fún èyí tó lọ. Ara kan ni, iná kan ni, òjìji wọn á bára mu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe wàhálà.

Èmi ń gba fọ́tò oríṣiríṣi. Ìkan jẹ́ ti sítúdíò, iná ti apá òsì wá. Ìkan jẹ́ ti fíláàṣì níbi òde, ojú ń dán bí ọ̀dà. Oòrùn ògiri mi sì ń ti ọ̀tún wá, kò bi ẹnikẹ́ni. Mo gbìyànjú ọgbọ́n kan: mo yí fọ́tò bàbá kan padà, òsì di ọ̀tún, kí iná ojú rẹ̀ lè bá fèrèsé mu. Iná bára mu wàyí, mo yọ̀. Wọ́n wò ó ní pálọ̀ wọn, gbogbo wọn dákẹ́, ìyá arúgbó kan ló sọ̀rọ̀: "Ta nìyí? Ọkọ mi kì í gẹ fìlà sọ́tùn-ún." Láti ọjọ́ náà, n kò yí èèyàn padà nítorí òjìji mọ́. Òjìji ni kó fara mọ́ ọn.

Ohun tó máa ń dá mi lóró ni bí òjìji náà ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ọmọkùnrin kan di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní òun rántí ọjọ́ tí wọ́n ya Bàbá ní fọ́tò yẹn dáadáa, pé abẹ́ igi ni, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Sítúdíò ni wọ́n ti yà á. Aṣọ ìkélé wà lẹ́yìn rẹ̀ gbagada. Nínú ohun tí àwọn àgbà ń kà mọ́ ara èèyàn, ara, ẹ̀mí, orí, òjìji wà níbẹ̀. Mo wá mú òjìji igi ilé wa, mo fi fún bàbá ọlọ́mọ, ọmọ sì gbà á. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ ń fẹ́."

Màmá mi kú lọ́dún tó kọjá. Igi máńgòrò ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Wọ́n gé e nígbà tí a fẹ́ rí ààyè gbé táǹkì omi sí, òjìji rẹ̀ nìkan ló kù nínú fáìlì mi. Mo gbé fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ sí ibi kẹta, ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní àwòrán 212, òjìji dé ojú òsì rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀ títí di 230. N kò sún òjìji yìí fún ẹnikẹ́ni rí. Mo sún un síwájú ní àwòrán 20, ó kúrò lójú, ó bo èjí rẹ̀. Mo sún un sẹ́yìn, ó tún ṣú bo iwájú orí. Aago kan òru ti lù. Mo dá a padà sí ibi tó wà. Bó ṣe máa ń bò ó náà nìyẹn, kí ó tó kọjá.

Ìta gbangba la ti ṣe àríyá. Wọ́n gbé ojú ẹ̀rọ tó ń tanná ka orí pèpéle, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, kò sẹ́ni tó rò ó. Aago márùn-ún lu, fídíò bẹ̀rẹ̀, oòrùn ràn mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ di ọyẹ́. Léèsì Màmá àti ògiri di ohun kan náà. Ẹ̀gbọ́n Màmá, tó wà níwájú, kígbe pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, mi ò rí àbúrò mi o!" Wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n wá tapólì. Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ gun pèpéle lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ̀rọ, ó na apá agbádá rẹ̀. Òjìji agbádá bọ́ sórí rẹ̀, ojú Màmá sì yọ níbi tó bọ́ sí, ojú kan, ìdajì ẹnu. Mo lọ dúró ti òdì kejì, mo na tèmi. Ó yọ tán, èjí àti gbogbo rẹ̀, ewé Ògbómọ̀ṣọ́ ń rìn bọ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Apá ń ro mí. Ẹ̀gbọ́n Màmá ní ẹni tó bá sọ ọwọ́ kalẹ̀ nínú wa, òun àti onítọ̀hún ni.